Ẹ Jẹ́ Ká Dúró Díẹ̀ Lójú Ọ̀nà Òrè

Ní ọdún 1984, èmi àti bàbá mi wọ mọ́tò láti Ìbíadé, à ń lọ sí Bìní. Àna wa kan ló ń sin òkú bàbá rẹ̀. Mọ́tò mi ṣì tuntun nígbà náà, ó sì ń wù mí kí gbogbo ayé rí bó ṣe ń sáré. Bí a ti dé Òrè, bàbá mi gbé ọwọ́ lé mi léjìká, wọ́n ní, "Ọmọ mi, jẹ́ ká dúró níhìn-ín díẹ̀." Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ rà. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ra nǹkan kan. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ilẹ̀ ti ń ṣú lọ. Tá a bá ń bọ̀, a ó dúró." Wọn ò tún sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé Bìní. Nígbà tí a ń bọ̀, òru ni a kọjá ní Òrè, bàbá mi sì ti sùn lọ lórí àga ẹ̀yìn. N kò jí wọn. Kí ọdún tó yípo, wọ́n ti filẹ̀ bora bí aṣọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni àbúrò wọn obìnrin pè mí sí kọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o mọ̀ pé Òrè ni àbúrò bàbá rẹ tó ṣe ṣójà lọ ní 1967 tí kò padà wálé? Ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí sàréè rẹ̀. Ọdọọdún ni bàbá rẹ máa ń sọ pé ó wu àwọn kí àwọn fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ibẹ̀."

Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni bàbá mi tọrọ lọ́wọ́ mi. N kò fún wọn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, láti ìgbà náà ni mo ti di ẹni tó ń dúró lójú ọ̀nà. Àwọn ọmọ mi a máa fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀ pé bí Bàbá bá wà nínú mọ́tò, ìrìn wákàtí mẹ́ta yóò di márùn-ún. Wọn ò parọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ti rí ní àwọn ibi tí mo dúró sí láti Ṣàgámù títí dé Òrè, tí mo bá pa á mọ́ sínú, mo jẹ̀bi yín. Òun ni mo fẹ́ kà fún yín lónìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rán ara wa létí pé láyé àtijọ́, kò sí ìrìn àjò tí kò ní ibùdúró. Ẹsẹ̀ ni àwọn baba wa fi ń rìn, ẹrù sì wà lórí. Ibi tí òòrùn bá ti wọ̀, ibẹ̀ ni wọn yóò pàgọ́ sí. Ọ̀pọ̀ ìlú wa ló ṣì ń jẹ́ orúkọ náà di òní olónìí. Ṣebí Àgọ́-Ìwòyè wà nítòsí wa níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ fún yín pé àgọ́ ni, ibi tí àwọn tí ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún lé kúrò nílé kóra jọ sí. Bákan náà ló rí lókè òkun. Ní ilẹ̀ Páṣíà àti Tọ́kì, àwọn ọba àti olówó a máa kọ́ ilé ńlá sójú ọ̀nà fún àwọn oníṣòwò tó ń fi ràkúnmí kẹ́rù, wọ́n á sì rí i pé ìrìn ọjọ́ kan péré ló wà láàrin ilé kan sí èkejì, nǹkan bí ọgbọ̀n sí ogójì kìlómítà. Níbẹ̀ ni arìnrìn-àjò ti ń sinmi, níbẹ̀ ló sì ti ń gbọ́ ìròyìn ibi tó ń lọ.

Mọ́tò dé, ó gba ẹrù lórí wa. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀nà àtijọ́ ṣì ń gba àárín ìlú kọjá, kò sí bí dẹ́rẹ́bà ṣe lè ṣe é tí kò ní dúró díẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀nà títóbi ti òde òní ló wá gba ẹ̀yìn ìlú. Ó dára o, n kò bú u. Àmọ́ òun ló jẹ́ kí ènìyàn lè ti Èkó dé Bìní láìmọ orúkọ ilẹ̀ kan ṣoṣo tí táyà rẹ̀ tẹ̀. Kódà ibodè ìjọba tí wọ́n ti ń gbowó lọ́wọ́ onímọ́tò, tí àwọn ìyá oníbúrẹ́dì àti àwọn ọmọ olómi ti ń rí tajé ṣe, ìjọba wó wọn lulẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè nígbà tí ọdún 2003 ń parí lọ tí 2004 ń wọlé.

Ohun kan tí mo wá ṣàkíyèsí nìyí: àwọn ibi tó dára jù láti dúró sí lójú ọ̀nà yìí, ibi tí nǹkan kan ti dá àwọn ènìyàn dúró tipátipá rí ni. Ibòmíràn, yàrà ni, ibòmíràn, ìbọn, ibòmíràn, igbó tàbí omi. Ibi tí wọ́n ti dá àwọn baba wa dúró ló yẹ kí àwa fi ọwọ́ ara wa dúró. Ẹ bá mi kálọ.

Tí ẹ bá ń ti Èkó bọ̀, tí ẹ sì dé Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ yà sí Òkè-Ẹ̀rí. Kò jìnnà. Níbẹ̀ ni ojúbọ Bílíkísù Sùngbọ́ wà, obìnrin olówó tí àwọn ará ibẹ̀ sọ pé kò bímọ, tó sì ní kí àwọn ènìyàn òun wa yàrà ńlá yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká kí orúkọ òun má bàa parun. Àwọn mìíràn a máa so orúkọ rẹ̀ mọ́ ti ayaba Ṣébà tí Bíbélì àti Kùránì sọ̀rọ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ èrò ló sì ń lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún. Yàrà náà là ń pè ní Erédò Sùngbọ́. Ẹ má rò pé kòtò ojú títì ni mò ń sọ o. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Ní ibòmíràn, tí ènìyàn bá dúró nísàlẹ̀ yàrà tó gbójú sókè wo orí òkìtì rẹ̀, ó lè tó ogún mítà, bí ilé alájà mẹ́fà. Ọkọ́ àti agbọ̀n ni wọ́n fi ṣe é, kò sí katapílà.

Òyìnbó ará Pọtogí kan, Duarte Pacheco Pereira, tó kọ ìwé ní nǹkan bí ọdún 1505 sí 1508, ti dárúkọ Ìjẹ̀bú nínú rẹ̀ pé ìlú ńlá ni, yàrà ńlá sì yí i ká. Ọ̀mọ̀wé Peter Lloyd kọ̀wé lórí Erédò ní 1959, Patrick Darling sì fi ẹsẹ̀ rìn ín káàkiri ní àwọn ọdún 1990. Àwọn tó wa ilẹ̀ rẹ̀ láìpẹ́ yìí láti wádìí ọjọ́ orí rẹ̀ sọ pé ó jọ pé àárín 1370 sí 1420 ni wọ́n gbẹ́ apá ibi tí àwọn yẹ̀ wò. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ó kéré tán, ẹgbẹ̀ta ọdún rèé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ sínú yàrà náà, ohun tó bà mí lẹ́rù ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀. Ewé tútù bo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, òòrùn ò ráyè wọlé. Mo wá rò ó pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ru erùpẹ̀ yìí lórí, a ò mọ orúkọ ọ̀kan nínú wọn àfi ti Sùngbọ́. Ìdajì wákàtí ni mo lò. Kò sí ilé ìwé tí mo lọ tó kọ́ mi ní irú rẹ̀.

Láti Ìjẹ̀bú-Òde náà, ẹni tó bá ní ààyè díẹ̀ sí i lè gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ìmàgbọn, létí odò Yemọjí. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀nà ti di ogun. Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Nígbà yẹn, àwọn Ìjẹ̀bú ló ni ọ̀nà láàrin ọ̀sà àti òkè. Ọjà tí àwọn ará Èkó bá kó wá, Ẹ̀jìnrìn létí ọ̀sà ni wọ́n ti ń tà á fún Ìjẹ̀bú; ará Ìbàdàn tó bá ń fẹ́ ọjà náà, Orù ni yóò ti pàdé wọn. Àjèjì kì í là á kọjá. Oníbodè wà níbẹ̀, owó ibodè sì ni ọba àti ìjòyè fi ń jẹun. Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso Èkó fẹ́ kí ọ̀nà ṣí gbayawu. Ní 1891, Denton tó ń dele fún gómìnà Èkó lọ bá Awùjalẹ̀, wọ́n ò gba ẹ̀bùn rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní 1892, wọ́n buwọ́ lùwé ní Èkó pé kí ọ̀nà ṣí, kí Gẹ̀ẹ́sì sì máa san £500 lọ́dún dípò owó ibodè. Àdéhùn náà kò tọ́jọ́. Nígbà tí wọ́n dá òyìnbó oníwàásù kan padà lójú ọ̀nà, Gẹ̀ẹ́sì ní ó tán.

Ní oṣù karùn-ún 1892, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Scott kó ọmọ ogun gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́: àwọn ṣójà Hausa láti Èkó, àwọn ti Gold Coast àti àwọn ti West India Regiment. Wọ́n ní àgbá, wọ́n sì ní ìbọn Maxim tó ń yìn láìdánu dúró. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù náà, àwọn Ìjẹ̀bú dúró dè wọ́n lódò Yemọjí. Àwọn ọmọ wa ò sá o. Ṣùgbọ́n irin ju ẹran ara lọ. Ní ọjọ́ kejì, Gẹ̀ẹ́sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn kan máa ń sọ pé agídí ló pa Ìjẹ̀bú. Èmi ti dúró létí odò yẹn, mo wo omi tó ń ṣàn jẹ́jẹ́, mo sì bi ara mi pé: ta ni yóò fi ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ fún àlejò láìjà? Ọ̀nà tí a ń gbà kọjá pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ lónìí, ẹ̀jẹ̀ ti ta sí i.

Ẹ jẹ́ ká padà sójú títì ńlá. Lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Òde, igbó yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ki. Ní apá Ògbẹ́rẹ̀ àti Ajébándélé, ẹ ó rí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìgbín àti ẹran ìgbẹ́ lórí igi létí títì. Igbó ọba tí wọ́n ń pè ní Ọmọ̀ nìyẹn. Láti 1925 ni ìjọba ti yà á sọ́tọ̀. Ó lé ní 130,000 hẹ́kítà. Ní 1946, wọ́n yọ 460 hẹ́kítà nínú rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan igi ibẹ̀. Ní 1977, àjọ UNESCO kà á mọ́ àwọn igbó tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pa mọ́. Lẹ́tà àti nọ́ńbà ni àwọn onígbó ìjọba fi pín in, ìyẹn ló fà á tí ẹ fi ń gbọ́ tí kọ̀ndọ́kítọ̀ ń pariwo "J4! J4!" Àwọn tó ń gbọ́ ọ rò pé orúkọ ilé epo ni.

Tí ẹ bá dúró ní J4, ẹ bá àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọn yóò sọ fún yín pé erin ṣì ń bẹ nínú igbó yẹn, kò sì tíì ju ìrìn mọ́tò díẹ̀ sí Èkó lọ. Erin o! Èmi tí mo ti ń gba ibẹ̀ kọjá láti kékeré, ẹni tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi. Wọn yóò tún fi igi Gmelina hàn yín, tí wọ́n gbìn ní ìlà ní ìlà bí àgbàdo. Nítorí ilé iṣẹ́ bébà tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Ìwopin ni wọ́n ṣe gbìn ín, kí a lè máa fi igi ara wa ṣe bébà ara wa. Igi dàgbà. Bébà ò jáde bí a ti rò. Bí mo ti ń wo àwọn igi náà, mo máa ń rántí gbogbo ọmọ wa tó ti retí iṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹni tó bá wá fẹ́ mọ ibi tí wọ́n bí mi sí, kó yà sí apá ọ̀tún, sọ́nà etí omi. Ibẹ̀ là ń pè ní Wàtásáìdì. Àbìgì ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Ìbíadé tèmi náà wà níbẹ̀. Ìjẹ̀bú, Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ jọ ń gbé àdúgbò náà. Mo mọ̀ pé ẹ ó sọ pé ilé mi ni mò ń polówó. Bẹ́ẹ̀ ni, mò ń polówó rẹ̀. Ẹ jẹ ẹja tútù níbẹ̀, ẹ bu gààrí Ìjẹ̀bú sí omi tútù, tí ẹ bá sì rí ẹni tó ń se ìkọ́kọrẹ́ lọ́jọ́ náà, ẹ má bi í léèrè iye.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí oúnjẹ nìkan. Ìyá bàbá mi kò fi ojú rí títì ńlá yìí rí. Lójú tiwọn, omi ni ọ̀nà. Bí wọ́n bá ń lọ sọ́jà, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n á sì sùn lójú ọ̀nà lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn tí wọn ò bá tan. Wọ́n máa ń sọ pé, "Ibi tí mo bá ti sùn lẹ́ẹ̀mejì, mo ti ní ẹbí níbẹ̀." Nígbà tí wọ́n kú, àwọn tí a ò mọ̀ rí wá láti ìlú etí ọ̀sà mẹ́rin, wọ́n ń sunkún. Ibùdúró ló sọ wọ́n di ẹbí wa. Lónìí, bí mo bá kú, ṣé ilé epo tí mo ti ń ra epo yóò rán ẹnikẹ́ni wá?

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Òrè, nítorí òun lọ̀rọ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Oríta ni Òrè. Ọ̀nà kan lọ sí Èkó, ọ̀kan sí Bìní, ọ̀kan sí Oǹdó òun Àkúrẹ́, ọ̀kan sí Òkìtìpupa. Ìdí nìyẹn tí àwọn bọ́ọ̀sì ńlá tó ń lọ sí ìlà oòrùn fi ń dúró níbẹ̀, tí èrò ń jẹun, tí wọ́n ń na ẹsẹ̀. Ìdí náà nìyẹn tí ogun fi dúró níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra sọdá odò Ọya, wọ́n gba Bìní láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n sì dojú kọ ọ̀nà Èkó. Òrè ni wọ́n dé tí wọn ò lè kọjá. Ẹni tó bá di oríta yẹn mú, ó ti di ọ̀nà Èkó àti ọ̀nà òkè mú. Níbẹ̀ ni àwọn ṣójà ìjọba àpapọ̀ ti pàdé wọn. Ìjà náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tó fi di àṣà lẹ́nu wa: "Ó le kú, ìjà Òrè!" Ọmọdé tí kò mọ ibi tí Òrè wà ń fi ṣeré.

Ohun tó máa ń ká mi lára ni pé ọmọ Yorùbá, Victor Banjo, ni ọ̀gá tí Biafra fi ṣe olórí ogun tó ń bọ̀ wá náà. Kí oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà tó parí, Biafra fúnra rẹ̀ ti yìnbọn pa á ní Enugu pé ó dalẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ti gba Bìní padà nígbà náà. Ó kù sí ọwọ́ àwọn ìyá àti bàbá láti máa béèrè ọmọ wọn.

Ọdún kejì tí bàbá mi kú ni mo lọ sí Òrè, èmi nìkan, ní ọ̀sán gangan. N kò mọ ibi tí mo lè dúró sí. Mo jókòó sí ìsọ̀ ìyá olóúnjẹ kan, mo bu omi, n kò lè mu ún. Ìyá náà bi mí pé, "Ẹ ṣé oúnjẹ ò tẹ́ yín lọ́rùn ni?" Mo sọ ohun tó gbé mi wá fún wọn. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "Ẹ fara balẹ̀ jókòó. Ẹ̀yin kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́. Lọ́dún tó kọjá, ìyá Ìgbò kan jókòó sórí àga tẹ́ ẹ wà yẹn. Ọmọ tirẹ̀ náà, ibí ló dé. Ó sunkún, mo bá a sunkún, mi ò gbọ́ èdè rẹ̀." Mo dìde, mo ta omi inú ife náà sílẹ̀ létí títì, mo dárúkọ àbúrò bàbá mi, mo sì dárúkọ bàbá mi. Mọ́tò ń kọjá lọ fìà fìà. Ẹnikẹ́ni ò wo ẹ̀yìn.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo mọ̀ pé ayé ti yàtọ̀. N kò ní kí ẹ máa dúró nínú igbó dídákẹ́, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú yín sójú ọ̀nà. Àwọn ajínigbé ò jẹ́ ká gbádùn mọ́. Ilẹ̀ mọ́ ni kí ẹ bá lọ. Inú ìlú ni kí ẹ dúró, níbi tí ènìyàn wà. Ẹ kí àwọn onílé kí ẹ tó béèrè nǹkan, ẹ má sì wọ ojúbọ tàbí igbó ọba láìgba àṣẹ. Ẹ mú ọmọdé dání, nítorí etí wọn ló yẹ kí ìtàn yìí wọ̀. Ẹ má gbìyànjú láti dúró níbi gbogbo lọ́jọ́ kan. Ibì kan lálọ, ibì kan lábọ̀, ó tó.

Ọmọ ọmọ mi kan, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bi mí láìpẹ́ yìí ní Òrè pé, "Bàbá àgbà, kí la fẹ́ rà níbí?" Mo wò ó, ara mi bù máṣọ, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fi lé bàbá mi lẹ́nu ní 1984 gan-an nìyẹn. Mo ní a ò fẹ́ ra nǹkan kan. Ó sọ̀kalẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, a sì dúró.

Tí àgbàlagbà kan nínú mọ́tò yín bá sọ pé ẹ jẹ́ ká dúró níhìn-ín díẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ pé ó di àbọ̀. Ó dìgbà o.